Bí Wọ́n Ṣe Tọ́jú Igi Etí Omi Wa

"ÌKÌLỌ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pọn omi mọ́ ní ìsun tí ó wà nínú igbó ìjọba yìí. Ìwà ọ̀bùn àwọn ará abà ti ba omi náà jẹ́. Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ yóò fojú ba ilé ẹjọ́."

Ohun tí wọ́n kọ sára pátákó tí wọ́n rì mọ́ ojú ọ̀nà odò wa ní ọjọ́ Ajé tó kọjá nìyẹn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ méjì: ilé iṣẹ́ igbó, àti ilé iṣẹ́ àwọn wolé-wolé ti káńsù.

Ìwà ọ̀bùn àwọn ará abà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, pàápàá ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ fún mi láyè kí n ro ẹjọ́ mi fún yín, nítorí pé èmi ni ará abà tí wọ́n ń wí, ọmọ mi ló sì mu omi náà. Ohun tí mo fojú rí, n óò sọ pé mo fojú rí i. Èyí tí wọ́n sọ fún mi, n óò dárúkọ ẹni tó sọ ọ́. N kò ní fi ẹyọ kan kún un. Kí ni mo fẹ́ fi kún un? Ó ti burú tó.

Abà wa wà ní ìhà Akínyẹlé. Bí ènìyàn bá sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà mọ́tò, yóò fẹsẹ̀ rin bíi máìlì méjì nínú oko kòkó kó tó débẹ̀. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe. Mo ka ìwé sẹ́kọ́ńdírì kí n tó lọ sílé ọkọ. Bàbá àwọn ọmọ mi ń ṣe olùkọ́ ní ìhà Lágelú, ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ló máa ń gun kẹ̀kẹ́ wálé, nítorí náà, láàárín ọ̀sẹ̀, èmi nìkan ni mo wà pẹ̀lú àwọn ọmọ. Mẹ́ta ni wọ́n. Ẹnì kejì nínú wọn ni Ìbídùn, ọmọ ọdún mẹ́fà, tí inú rẹ̀ kò lágbára láti ìgbà tí mo ti já a lẹ́nu ọmú.

Nítorí Ìbídùn ni mo ṣe máa ń se omi mímu. Ogún ìṣẹ́jú lójú aago, lẹ́yìn tó bá ti hó. N óò jẹ́ kó tutù, n óò fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, kí n tó dà á sínú àmù. Gbogbo abà ló mọ̀ ọ́n mọ́ mi. Ìyá Rámọ́tù, tí ojú ilé rẹ̀ kọ sí ojú ilé mi, máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á ní, "Ìyá Ìbídùn, ẹ kú ìdáná o. Omi náà ti jinná àbí ó kù díẹ̀? Ṣé ẹ ti tọ́ iyọ̀ rẹ̀ wò?"

Èmi náà á ní kó gbé àwo wá kí n bu tirẹ̀ fún un. Báyìí la ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀rù ọmọ ló ń bà mí, ojú kò sì tì mí láti sọ ọ́.

Inú igbó ìjọba la ti ń pọn omi. Ìsun ni, ó ń sun jáde láti abẹ́ òkúta kan, ó mọ́ bíi dígí. Kí ìjọba tó rì òkúta ààlà yí igbó náà ká ni àwọn baba abà wa ti ń pọn ọ́n. Igi mọ́kànlá ló yí i ká: ọdán mẹ́fà àti àfọ̀n márùn-ún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí odò yòókù bá ti di ẹrẹ̀, ìsun yìí kì í gbẹ, nítorí pé ibòòji igi wọ̀nyẹn kì í jẹ́ kí oòrùn rí i rárá. Kò sí ọmọdé kan ní abà wa tí kò mọ èyí.

Ilé iṣẹ́ méjì ló ní àṣẹ lórí ibẹ̀. Igi jẹ́ ti ilé iṣẹ́ igbó. Omi jẹ́ ti àwọn wolé-wolé, nítorí ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó. Bí wolé-wolé bá ní kí á ro etí omi kí ẹ̀fọn má baà pọ̀, gáàdì igbó á mú wa pé a gé igi ìjọba. Bí a kò bá ro ó, wolé-wolé á kọ orúkọ wa sílẹ̀ pé ọ̀bùn ni wá. A dà bí ọmọ tí ìyálé ní kó jókòó, tí ìyàwó ní kó dìde.

Nítorí náà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, tí ọ̀gá igbó àti ọ̀gá wolé-wolé jọ wá sí abà wa nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo, inú wa dùn. Ṣé kí n purọ́ ni? Inú tèmi gan-an dùn ju ti ẹnikẹ́ni lọ.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálẹ̀ ni wọ́n jókòó sí. Ọ̀gá igbó ló sọ̀rọ̀, ọkùnrin gíga kan tó wọ ṣòkòtò kákí péńpé tí wọ́n lọ̀ tó ń dán. Ó ní ìjà ti parí. Ó ní ilé iṣẹ́ méjèèjì ti di ọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ omi wa, wọ́n ti jọ kọ ìwé àdéhùn, wọ́n á jọ máa dáàbò bò ó títí láé.

Baálẹ̀ wa, arúgbó tó gbọ́n, dúpẹ́, ó wá béèrè pé, "Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ tó bá ní olówó méjì, ebi ló máa ń pa á. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣe, ọ̀dọ̀ ta ni ká gbà lọ nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Ọ̀gá wolé-wolé rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Baba, kí ló máa ṣe?"

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé àdéhùn náà. Ọ̀gá wolé-wolé ní àwọn ń fẹ́ ẹ ní Yorùbá pẹ̀lú, kí àwọn lébìrà tí yóò ṣe iṣẹ́ náà lè kà á fúnra wọn. Ni baálẹ̀ bá nawọ́ sí mi. Ó ní, "Ìyàwó tíṣà nìyẹn. Ó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì ju tíṣà alára lọ." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀, mo gba ìwé náà, mo sì jókòó tì í.

Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Gẹ̀ẹ́sì náà sọ pé àwọn wolé-wolé yóò fi ọ̀dà pupa sàmì sí igi tó yí omi ká, àti pé àwọn òṣìṣẹ́ igbó ní láti dáàbò bo gbogbo igi tó bá ní àmì náà. Èmi sì kọ ọ́ báyìí: "Gbogbo igi etí omi tí a bá fi ọ̀dà pupa sàmì sí ni kí àwọn òṣìṣẹ́ igbó tọ́jú dáadáa."

Tọ́jú. Èwo ni ó burú nínú rẹ̀? À ń tọ́jú ọmọ, à ń tọ́jú arúgbó, à ń tọ́jú ilé. Mo rò pé ó dùn ju "dáàbò bò" lọ, torí pé dídáàbò bo nǹkan lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n títọ́jú ní ìfẹ́ nínú. Mo kà á sókè kí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́. Ọmọ Yorùbá ni ọ̀gá igbó, kì í ṣe òyìnbó. Ó gbọ́ ọ. Ó mi orí, ó ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀, màdámù." Ó fọwọ́ sí i. Ọ̀gá wolé-wolé náà fọwọ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí, wolé-wolé kan gbé ọ̀dà pupa wá, ó fi yí ìdí igi mọ́kọ̀ọ̀kànlá po. Mo bá a débẹ̀, mo sì kà wọ́n. Kò fo ọ̀kan.

Àwọn lébìrà ilé iṣẹ́ igbó dé nígbà tí òjò fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mẹ́rin ni wọ́n. Wọ́n ru aáké àti agolo ńláńlá. Ọ̀gá wọn ń jẹ́ Súlè, ènìyàn jẹ́jẹ́, ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún. Ó kí mi láti òkèèrè, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa." Mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Mo béèrè ohun tí wọ́n wá ṣe.

Ó ní, "Igi etí omi yín la wá tọ́jú, màmá." Ó sì yọ ìwé tí mo kọ jáde láti inú fìlà rẹ̀.

Inú mi dùn láti rí ìkọ̀wé ara mi lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bu omi fún wọn mu, omi tí mo sè. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́jú wọn dáadáa o. Àwọn igi yẹn ni wọ́n gba omi wa sílẹ̀."

Súlè ní, "Kò séwu. A kì í fi iṣẹ́ wa ṣeré. Ẹyọ kan kò ní kù tí a kò ní tọ́jú."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ, òjò rọ̀, òjò àkọ́rọ̀ ọdún, ó sì pọ̀. Gbogbo abà gbé garawa sábẹ́ òrùlé. Inú wọn dùn pé ọ̀la kò sí ìrìn odò. Èmi nìkan ni n kò gbé nǹkan kan síta. Mo ní omi tó kọ́kọ́ fọ páànù lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbẹ́ alángbá àti ìgbẹ́ ẹyẹ ló kún inú rẹ̀. Ìyá Rámọ́tù ní, "Àbí ẹ ò lè se ìyẹn náà ni?" Bí ilẹ̀ ti ń mọ́, mo gbé ìkòkò, mo lọ pọn omi ìsun.

N kò wo ara igi. Ẹ bi mí léèrè ìdí tí n kò fi wo igi wọ̀nyẹn. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán, ọmọ wà lẹ́yìn mi, mo sì ń ṣọ́ ẹsẹ̀ mi kí n má yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Mo sè é fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀gbọ́n Ìbídùn ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láìmu nǹkan kan. Àbúrò rẹ̀ ṣì ń mu ọmú. Ìbídùn nìkan ló mu omi náà, ife méjì, kí òun náà tó lọ.

Kó tó di ọ̀sán, olùkọ́ rẹ̀ ti gbé e wálé. Ó ń bì. Inú ń ta á, ó ká kò bí ejò. Kí ni ìyá ń ṣe bí ọmọ bá ń bì? Kì í ha í ṣe omi la ń fún un, kí ara rẹ̀ má baà gbẹ? Mo fún un lómi. Ó bì í. Mo tún fún un. Nígbà tí kò dáwọ́ dúró, mo ní bóyá ogún ìṣẹ́jú kò tó. Mo da omi àmù padà sínú ìkòkò, mo gbé e kaná, mo jẹ́ kó hó fún ogójì ìṣẹ́jú. Mo tún bu ún fún un.

Ìyá Rámọ́tù ló gba ọmọ mi là, obìnrin tí kò ka ìwé rí. Ó ti lọ sí odò lọ fọ aṣọ. Ó sáré wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú ewé kókò lọ́wọ́, akàn mẹ́ta sì wà nínú ewé náà.

Ó ní, "Ìyá Ìbídùn, ẹ wò ó. Ojú omi ìsun wa ni mo ti ṣa ìwọ̀nyí, wọ́n dojú ikùn sókè. Ẹ má fún ọmọ lómi yẹn mọ́."

Mo ní, "Mo ti sè é. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sè é."

Ó wò mí. Ó ní, "Akàn tí wọ́n fi májèlé pa, bí ẹ bá sè é, ṣé ẹ ó jẹ ẹ́?"

Ife wà lọ́wọ́ mi nígbà náà, ó wà ní ẹnu ọmọ. Mo dà á nù. Mo rọ ìyókù omi náà sínú ìgò, mo kọ ọjọ́ àti wákàtí sára ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Mo pọn Ìbídùn. Ìyá Rámọ́tù gba àbúrò rẹ̀ pọ̀n, a sì sáré gba inú oko kòkó dé ojú ọ̀nà mọ́tò. Bọ́lẹ̀kájà tó kún fún iṣu ló gbé wa. Àwọn tó jókòó dìde kí n lè tẹ́ ọmọ sílẹ̀. Ó ti dákẹ́ nígbà náà, dídákẹ́ yẹn ló sì bà mí lẹ́rù ju igbe lọ. Gbogbo ọ̀nà ni mo ń fi ìka kan imú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń mí.

Ní ọsibítù ní Ìbàdàn, wọ́n fọ inú rẹ̀. Dókítà gba ìgò lọ́wọ́ mi, ó ka ohun tí mo kọ sára rẹ̀, ó ní ká tọ́jú ìgò náà fún àyẹ̀wò. Lọ́jọ́ kejì ló sọ fún mi pé májèlé wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń pa igi. Ó bi mí bí mo ṣe se omi náà. Mo sọ fún un. Ó wá fi pẹ̀lẹ́ sọ pé iná kì í pa irú májèlé yẹn. Omi ni iná ń fà lọ, májèlé á kù sínú ìyókù.

Ó yé mi. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra yín: omi tí mo sè fún ogójì ìṣẹ́jú le ju èyí tí mo sè fún ogún lọ.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la lò níbẹ̀. Ìbídùn kò kú. Ọlọ́run ló ṣe é, àti Ìyá Rámọ́tù.

Nígbà tí a padà dé, mo mú téèpù ìwọnṣọ mi, mo lọ sí ìsun. Gbogbo igi mọ́kọ̀ọ̀kànlá ni wọ́n ti fi aáké hó èèpo rẹ̀ yíká, ní déédé orúnkún, lórí ọ̀dà pupa gan-an. Inú ojú ọgbẹ́ náà ni wọ́n da májèlé sí. Ewé wọn ti ń pọ́n. Èyí tó sún mọ́ omi jù lọ, ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ìnṣì méje ló wà láàárín òun àti omi. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Agolo kan ṣì dùbúlẹ̀ sétí ìsun, ẹnu rẹ̀ wà nínú omi.

Mo wá Súlè lọ. Mo bá a ní apá kejì igbó náà, níbi tí àwọn lébìrà ń gbé. Bó ti rí mi ló dìde, ó ń kí mi. Mo ní kó má kí mi. Mo bi í pé kí ló dé tó fi pa igi omi wa.

Ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ ní ká tọ́jú wọn, màmá."

"Mo ní kí ẹ tọ́jú wọn. Ẹ pa wọ́n."

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí mò ń sọ. Ó ní, "Tọ́jú náà nìyẹn. Igi tí kò wúlò fún pákó, a máa ń tọ́jú wọn ni, kí ìrókò àti àfàrà lè ráyè dàgbà. Àwọn ọ̀gá ló ní ká má ṣe sọ ọ́ létí ará oko pé à ń pa igi, ká má sì dárúkọ májèlé, kí ẹ̀rù má baà bà yín. Wọ́n ní oògùn ni ká máa pè é. Iṣẹ́ ìtọ́jú ni wọ́n kọ síwájú orúkọ mi ní ọ́fíìsì. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń tọ́jú igi, n kò tíì rí èyí tó yè."

Mo sọ fún un pé ọmọ mi mu omi náà. Ó jókòó sórí gbòǹgbò. Ó bojú wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, tí gbogbo rẹ̀ ti sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tó yá, ó ní, "Àwa náà mu níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí á tó bẹ̀rẹ̀. Omi tó dára ni." N kò lè bá a jà mọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá rẹ̀, mo lè bá wọn jà. Ọ̀dọ̀ wolé-wolé ni mo kọ́kọ́ lọ, torí pé omi jẹ́ tiwọn. Ọ̀gá wọn ní ó dùn òun púpọ̀, ṣùgbọ́n igi ni wọ́n da májèlé sí, igi kì í sì í ṣe ti òun. Ó ní kí n lọ sí ilé iṣẹ́ igbó. Mo lọ. Ọ̀gá igbó ní igi ni tòun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣé igi ni ọmọ mi jẹ? Ó ní omi ló mu, kí n padà sọ́dọ̀ wolé-wolé. Mo ní n kò ní padà. Mo jókòó.

Ó ṣí fáìlì, ó mú ìwé Yorùbá náà jáde, ó gbé e síwájú mi.

"Ta ló kọ èyí, màdámù?"

"Èmi ni."

"Ẹ bá mi ka ìlà kẹrin."

Mo kà á. Ó fi bíírò kan ọ̀rọ̀ náà. Ó ní ohun tí mo fọwọ́ ara mi kọ ni àwọn òṣìṣẹ́ òun ṣe, wọn kò yẹ̀ ẹ́ ní ìka kan. Mo bi í pé kò ha mọ ohun tí "tọ́jú" ń jẹ́ nínú ilé iṣẹ́ rẹ̀ ni, nígbà tó mi orí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálẹ̀ tó ní ó dára bẹ́ẹ̀? Kò ha mọ̀ pé òun ló ní kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀?

Ó pa fáìlì dé. Ó ní, "Ṣé èmi ni mo ni èdè Yorùbá ni?"

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn lọ, mo rò ó bọ̀. N óò gba èyí tó jẹ́ tèmi nínú rẹ̀. Ó yẹ kí n kọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan igi náà. Ọ̀rọ̀ tó dùn ni mo wá, n kò wá èyí tó le. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ni tèmi. Àwọn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú ọ̀rọ̀ tí à ń lò fún ọmọ àti fún aláìsàn, wọ́n fi bo májèlé lójú, kí àwa má baà bẹ̀rù. Ìgbà tí ó sì yẹ kí a bẹ̀rù, a kò bẹ̀rù. A bu omi fún wọn mu, a dúpẹ́.

Ní báyìí, igi mọ́kọ̀ọ̀kànlá ti gbẹ. Oòrùn ń pa ìsun náà ní tààrà, kò sì kún ìkòkò mẹ́ta kó tó di ọ̀sán mọ́. Ibi tí a ti ń pọn omi nísinsìnyí jìn tó máìlì kan àti ààbọ̀. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ méjèèjì ti di ọ̀kan, pátákó tí wọ́n rì ní ọjọ́ Ajé yẹn nìkan ni iṣẹ́ tí mo rí tí wọ́n jọ ṣe parí, irọ́ ni wọ́n sì kọ sí i.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ìbídùn fẹsẹ̀ kọ òkúta, èékánná rẹ̀ sì bó. Mo pè é, mo ní kó wá kí n tọ́jú rẹ̀. Ó sá. Ó sá lọ sẹ́yìn ilé Ìyá Rámọ́tù, ẹ̀jẹ̀ ń kán tẹ̀lé e, kò sì gbà kí n fọwọ́ kan òun títí mo fi wá ọ̀rọ̀ mìíràn sọ.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá fi ọ̀rọ̀ tó tutù sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún yín, ẹ má mi orí. Ẹ bi í pé: nígbà tí ẹ bá ṣe é tán, ṣé yóò wà láàyè ni tàbí yóò kú? Bí ilé iṣẹ́ méjì bá wá sọ fún yín pé àwọn ti di ọ̀kan, ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo sílẹ̀ tí yóò máa jẹ́jọ́.

Ohun tí mo sì ń bẹ̀ yín fún nìyí. Mo mọ̀ pé abà tó ń pọn omi nínú igbó ìjọba pọ̀, láti Lágelú dé Ọ̀nà-Àrà. Bí tiyín bá wà lára wọn, ẹ kọ̀wé sí olóòtú ìwé ìròyìn yìí. Ẹ kọ orúkọ abà yín, orúkọ omi náà, ọjọ́ tí ẹ rí àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀, ohun tí wọ́n rù, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pe iṣẹ́ wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣàìsàn lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kọ ìyẹn náà. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n kọ, ẹ sọ ọ́ kí ọmọ yín bá yín kọ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí pé òjò ti tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀.